Ọjọ́ Tí Mo Pe Ẹ̀gbọ́n Mi Ní "Ìwọ"

Òórùn táìmù tútù, ewé tí a fi ń se ìrẹsì, ló máa ń dá ìbínú mi sílẹ̀. Ní Rye Lane ní Peckham, nílùú òyìnbó níbí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń ta ẹja panla àti ata rodo, ọkùnrin kan wà tó máa ń di táìmù ní ìdì ní ìdì, tó ń tò ó síwájú ìsọ̀ rẹ̀. Bí mo bá kọjá níbẹ̀ lọ́jọ́ tí oòrùn mú díẹ̀, tí òórùn yẹn bá gbéra, inú mi á kọ́kọ́ dùn, nítorí pé ìrẹsì ló ń mú wá sí mi lọ́kàn. Kí n tó gbé ẹsẹ̀ mẹ́ta, inú á ti bí mi. Ìwọ tí o mọ̀ mí, o mọ̀ pé n kì í ṣe oníbìínú ènìyàn. Wọ́n lè tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì kí èmi tún bẹ ẹni tó tẹ̀ mí. Ṣùgbọ́n òórùn yẹn ni òórùn etí òkè kan ní erékùṣù Malta, níbi tí táìmù ti ń hù fúnra rẹ̀ láàárín àpáta, tí ẹnikẹ́ni kò gbìn ín, tí oòrùn ń sè é lórí ìdúró. Ibẹ̀ ni mo ti bínú débi tí n kò bínú dé rí látìgbà tí wọ́n ti bí mi. O ti bi mí lẹ́ẹ̀mejì ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín èmi àti ẹ̀gbọ́n mi nínú ìrìn àjò yẹn, mo sì ti yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí.

O mọ iye ọdún tí mo fi dúró de pépà, ìwé ìgbélùú. Ọdún mọ́kànlá. Yàrá kan ni mo háyà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi kan ní Aylesbury, àdúgbò ilé ìjọba kan. Àárọ̀ kùtùkùtù ni màá fẹsẹ̀ rìn lọ sí Walworth Road láti wọ bọ́ọ̀sì, màá sì lọ sí kíṣíìnì ilé ìwé kan ní Nunhead, níbi tí mo ti ń se oúnjẹ ọ̀sán fún àwọn ọmọ kéékèèké. Wọ́n gbà mí láyè kí n máa ṣiṣẹ́ nígbà tí wọ́n ń yẹ ìwé mi wò, ṣùgbọ́n bí mo bá fi lè jáde nílùú, gbogbo rẹ̀ dòfo nìyẹn. Ọdún kẹjọ ni ìyá wa kú. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni ẹnì kan ṣoṣo tí mo ní nínú ọmọ ìyá. Nọ́ọ̀sì ni wọ́n, Sydenham ni wọ́n ń gbé, pépà tiwọn sì ti pé ó ti pẹ́, nítorí náà wọ́n ti lọ sílé láti tọ́jú Màmá nígbà tí àìsàn náà le. Ìdájí ni Màmá dákẹ́. Bí a ṣe ń ṣe é nínú Ìsìláàmù, ilẹ̀ ọjọ́ náà kò tíì ṣú tí wọ́n fi sin wọ́n. Mo gbé fóònù mi ti agolo ẹ̀wà kan nínú kíṣíìnì, mò ń bó ọ̀dùnkún, mo sì ń wo ìsìnkú ìyá mi. Ẹ̀yìn agbádá àbúrò bàbá wa ni mo rí jù. Nẹ́tíwọ̀kì lọ, ó dé, ó tún lọ. Nígbà tó padà, iyẹ̀pẹ̀ ni mo rí. Ọ̀gá kíṣíìnì ní kí n máa lọ sílé. Mo ní rárá, nítorí ilé wo ni mo fẹ́ lọ?

Ìwó ni ilé wa. Tíṣà ni Màmá, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n sì kọ́ ilé náà sórí ilẹ̀ ẹbí bàbá wa, ilé amọ̀ tí wọ́n rẹ́ sìmẹ́ńtì sí lára, yàrá mẹ́rin, òrùlé páànù tó máa ń pariwo débi pé a kì í gbọ́ ara wa bí òjò bá ń rọ̀. Ẹ̀yìnkùlé ibẹ̀ ni wọ́n sin Màmá sí, lábẹ́ fèrèsé yàrá tí wọ́n bí àwa méjèèjì sí. Láti ọjọ́ tí mo ti rí iyẹ̀pẹ̀ yẹn lórí fóònù ni mo ti mọ ohun tí mo fẹ́ fi pépà ṣe. Àwọn mìíràn fẹ́ fi í wá iṣẹ́ tó dáa, àwọn mìíràn fẹ́ fi í gba ilé. Èmi fẹ́ lọ jókòó lẹ́bàá sàréè ìyá mi, kí n sọ gbogbo ohun tí n kò rí sọ fún wọn. Ẹ̀gbọ́n mi mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo ti sọ ọ́ sí wọn létí láìmọye ìgbà.

Nígbà tí pépà dé níkẹyìn, àwọn ni mo kọ́kọ́ pè. Wọ́n sunkún, èmi náà sunkún. Mo ní December ni màá lọ sílé. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀ lórí fóònù, mo sì rò pé ẹkún náà ni kò tíì tán. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà tí wọ́n wá bá mi ní Peckham, níbi tí mo ti ń gbé nígbà náà, tí wọ́n ní àwọn ti san owó cruise fún àwa méjèèjì, ọ̀sẹ̀ kan gbáko nínú ọkọ̀ ìgbafẹ́ lórí omi, láti fi bá mi yọ̀.

"O ti se oúnjẹ fún ọmọ ọlọ́mọ tó," ni wọ́n wí. "Jẹ́ kí ẹlòmíì náà sè fún ẹ fún week kan."

Mo dì mọ́ wọn lọ́rùn. Mo tilẹ̀ kúnlẹ̀. Ohun tó ń bí mi nínú jù lónìí nìyẹn, pé mo kúnlẹ̀ dúpẹ́. Nítorí pé ẹ̀gbọ́n mi ń wá ibi tí wọn yóò ti sọ ọ̀rọ̀ kan fún mi tí n kò ní lè bínú jáde. Ní Peckham, bí ẹnikẹ́ni bá sọ ọ̀rọ̀ tí n kò fẹ́, màá gbé báàgì mi, màá wọ bọ́ọ̀sì. Lórí òkun, ibo ni màá gbà?

Ọjọ́ kẹrin ni ọkọ̀ wa gúnlẹ̀ sí Malta. Odi èbúté náà ga, àwọ̀ rẹ̀ dà bí ẹ̀yìn búrẹ́dì. Wọ́n lẹ bébà kékeré tí wọ́n kọ nọ́ḿbà méje sí mọ́ wa láyà, wọ́n kó wa sínú bọ́ọ̀sì ńlá kan pẹ̀lú àwọn òyìnbó àgbàlagbà tí wọ́n wọ ṣòkòtò péńpé, ó sì gbé wa gba àárín oko kéékèèké tí wọ́n fi òkúta mọ odi yí ká. Obìnrin tó ń mú wa káàkiri tó ẹgbẹ́ mi. Ọmọ erékùṣù náà ni, ó tín-ín-rín, ó dé fìlà koríko gbígbòòrò, ohùn rẹ̀ sì le bí ti ọ̀gá ilé ìwé. Ojúbọ àwọn ará àtijọ́ ló mú wa lọ wò, àwókù kan lórí òkè tó kọjú sí òkun. Wọ́n ti ta àgọ́ funfun ràgàjì kan bò ó lórí, bí èyí tí a máa ń ta síwájú ilé olóòkú. Àwọn òkúta kan ga ju ọkùnrin méjì lọ. Afẹ́fẹ́ oníyọ̀ ti jẹ wọ́n lára, ó ti lu wọ́n ní ihò bí ajere. Ẹnu ọ̀nà kan wà tí wọ́n gbẹ́ láti ara òkúta kan ṣoṣo, bí ẹni gé fèrèsé sára páálí, téèyàn bá sì gba inú rẹ̀ kọjá, ara rẹ̀ á tutù lójijì.

Obìnrin náà sọ fún wa pé ó lé ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún ọdún tí wọ́n ti to àwọn òkúta yẹn. Ó ní kò sẹ́ni tó mọ orúkọ àwọn tó kọ́ ọ, kò sẹ́ni tó mọ èdè tí wọ́n ń sọ. Síbẹ̀, ó ní bí òjò bá yẹ òkúta kan báyìí nípò, wọn kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án títí àwọn ọ̀mọ̀wé yóò fi ṣèpàdé lórí rẹ̀. Ọkùnrin kan nínú wa gbọ́wọ́ lé ògiri kan kí ìyàwó rẹ̀ lè ya fọ́tò rẹ̀. Obìnrin náà dá ọ̀rọ̀ rẹ̀ dúró.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́wọ́ kúrò," ló wí. "Kì í ṣe tiyín, kì í sì í ṣe tèmi."

Mo fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yẹn. Mo yíjú sí ẹ̀gbọ́n mi, mo ń rẹ́rìn-ín. "Àǹtí, ẹ wo bí wọ́n ṣe ń tọ́jú òkúta àwọn tí wọn ò mọ̀. Tí mo bá délé ní December, sàréè Màmá ni mo máa kọ́kọ́ tún rẹ́. Mo fẹ́ kí wọ́n fi táìlì funfun sí i."

Ẹ̀gbọ́n mi ń fi èékánná họ bébà tó wà láyà wọn. Wọ́n ní, "Wá síbi òjìji yìí." Mo tẹ̀ lé wọn lọ sẹ́yìn ògiri kan. Wọ́n ń wo ilẹ̀.

"Ilé yẹn ò sí mọ́," ni wọ́n wí.

"Ilé wo?"

"Ilé Màmá. Wọ́n ti wó o. Ó ti lé lọ́dún kan."

O mọ̀ pé mo rẹ́rìn-ín? Mo rò pé ìwọ̀nba ibì kan ló wó, ilé ìdáná tàbí balùwẹ̀. Ẹ̀rín náà ṣì wà lẹ́nu mi nígbà tí mo bi wọ́n pé sàréè ńkọ́.

"Wọ́n ti gbé Màmá lọ sí itẹ́ òkú àwọn Mùsùlùmí, lẹ́yìn ìlú. Ààfáà wà níbẹ̀. Wọ́n ṣe é dáadáa, mo wo gbogbo ẹ̀ lórí fóònù."

"Ta ló fọwọ́ sí i?"

"Èmi ni. Mo fọwọ́ sí i fún àwa méjèèjì."

N kò mọ bí mo ṣe lè sọ fún ọ ohun tó ṣe mí. Ojú mi kò ṣú, orí mi kò fò lọ. Gbogbo nǹkan ló mọ́ kedere ju bó ṣe yẹ lọ. Mo rí òógùn lórí imú ẹ̀gbọ́n mi. Mo rí ìgbín kékeré funfun kan lára òkúta lẹ́yìn wọn. Mo sì gbọ́ ohùn ara mi tó ń sọ pé, "Ìwọ fọwọ́ sí i fún mi? Ìwọ?"

Ọdún méje ni wọ́n fi jù mí. Láti ìgbà tí mo ti mọ ọ̀rọ̀ ọ́ sọ, n kò pè wọ́n ní "ìwọ" rí, ní ìbínú tàbí ní àwàdà. Nínú ilé tíṣà tí wọ́n ti tọ́ wa, o kò lè ṣe é kí o jẹun alẹ́ ọjọ́ náà. Ojú wọn yí padà bí ẹni tí wọ́n gbá létí. N kò dúró níbẹ̀. Mo ní, "O gbẹ́ ìyá mi jáde nínú ilẹ̀. O rí ibi tí wọ́n ti sin wọ́n, o tún rí ibi tí wọ́n ti hú wọn. Kí ni èmi rí? O mọ̀ pé mò ń lọ. Lójoojúmọ́ ni mò ń sọ fún ẹ pé mò ń lọ, o sì ń sọ pé àmín." Ohùn mi ń lu àgọ́ yẹn, ó ń padà wá bá mi.

Obìnrin tó ń mú wa káàkiri wá síbẹ̀. Ó bi wá pé ṣé kò sí nǹkan. Ẹ̀gbọ́n mi nu ojú, wọ́n fi ohùn iṣẹ́ nọ́ọ̀sì wọn dáhùn, ohùn tí wọ́n fi ń bá mọ̀lẹ́bí aláìsàn sọ̀rọ̀. Wọ́n ní àbúrò àwọn ni, ó kàn rẹ̀ ẹ́ ni, oòrùn yìí mú jù.

Bóyá bí wọn kò bá sọ ìyẹn, ǹ bá dákẹ́. Pé ó rẹ̀ mí! Ohun tí wọ́n fẹ́ fi bò ó mọ́lẹ̀ nìyẹn, lójú mi báyìí, nígbà tí wọn kò tíì tán nínú èyí tí wọ́n ti bò tẹ́lẹ̀. Mo yíjú sí obìnrin náà, mo sọ ọ́ ní gẹ̀ẹ́sì ketekete kí gbogbo wọn lè gbọ́. Mo ní kò rẹ̀ mí. Mo ní wọ́n hú òkú ìyá mi, ó lé lọ́dún kan, òní yìí ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́. Gbogbo àwọn onífọ́tò sọ ọwọ́ wọn kalẹ̀. Obìnrin náà wo ojú mi, kò sọ pé kí n fara balẹ̀, kò sọ pé pẹ̀lẹ́. Ó ṣí fìlà rẹ̀, ó dì í mú fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ló kó àwọn yòókù lọ sí apá ibòmíràn. Títí dòní, n kò mọ ẹni tó bọ̀wọ̀ fún mi lọ́jọ́ yẹn bí kò ṣe òun.

Ọ̀nà kan wà tó ti ibẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ojúbọ kejì, nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, létí òkun gan-an. Mo gba ibẹ̀. Oòrùn ń ta, táìmù wà lọ́tùn-ún àti lósì, gbogbo ìgbà tí aṣọ mi bá gbá a ni òórùn rẹ̀ ń tú. Mo ń rìn, mo sì ń bá ara mi sọ̀rọ̀ bí wèrè. Ohun tí mo rò lọ́jọ́ yẹn lè pa ọ́ lẹ́rìn-ín. Mo rò nípa kánsù, ìjọba ìbílẹ̀ àdúgbò wa. Nígbà tí wọ́n fẹ́ wó búlọ́ọ̀kù tí mo ń gbé ní Aylesbury, èmi tí mo kàn háyà yàrá lọ́wọ́ ẹlòmíràn, wọ́n kọ lẹ́tà, wọ́n jù ú sí ẹnu ọ̀nà wa. Wọ́n pè wá sípàdé nínú gbọ̀ngàn kan, wọ́n fún wa ní tíì àti bisikíìtì, wọ́n bi wá pé kí ni èrò wa. Gbogbo wa mọ̀ pé ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe ni wọ́n máa ṣe. Ṣùgbọ́n wọ́n bi mí. Mo nawọ́, mo dìde, mo sọ tèmi, obìnrin kan sì kọ ọ́ sílẹ̀. Kánsù tí a ń bú láti àárọ̀ dalẹ́ bi mí, ẹ̀gbọ́n mi tí a jọ mu ọmú kan náà kò bi mí.

Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan nísàlẹ̀ níbẹ̀. Mo mọ àkókò tí bọ́ọ̀sì máa gbéra. Mo wo aago, mo sì pinnu pé n kò lọ. Kí ọkọ̀ ojú omi wọn máa lọ. N kò mọ ohun tí mo rò pé màá jẹ ní Malta, ṣùgbọ́n n kò ní bá wọn jókòó lórí àga kan náà. Nígbà tí àkókò pé, mo gbójú sókè, mo rí ẹ̀gbọ́n mi tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ ní ọ̀nà tí mo gbà. Wọ́n ń gbé ẹsẹ̀ kan lẹ́yìn òmíràn bí ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀ nínú igi. Okùn sálúbàtà wọn kan ti já, wọ́n mú un lọ́wọ́, wọ́n ń fẹsẹ̀ lásán tẹ òkúta gbígbóná yẹn. Àánú wọn ṣe mí, inú sì bí mi pé àánú wọn ṣe mí.

Wọ́n jókòó sí ìpẹ̀kun bẹ́ǹṣì náà. "Mo ní kí wọ́n máa lọ," ni wọ́n wí. "Mo sọ fún obìnrin yẹn pé a máa wá ọ̀nà débẹ̀ fúnra wa."

"Mi ò ní kí ẹ dúró dè mí."

"Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n mi ò lè fi ẹ́ sílẹ̀ síbi tó ò mọ̀."

"Ẹ fi ìyá mi síbi tí mi ò mọ̀," ni mo wí. Mo ti padà sí "ẹ" láìmọ̀. Àṣà ṣòro gbé sọnù.

Ìgbà náà ni wọ́n sọ gbogbo rẹ̀. Òjò ló wó ògiri ẹ̀yìn ilé náà, ó wó lu ìyá àgbà kan tó ń gbé yàrá kan níbẹ̀, ẹsẹ̀ ìyá náà sì kán. Àbúrò bàbá wa ní ilé náà yóò pa èèyàn, ilẹ̀ ẹbí ni, wọ́n fẹ́ fi kọ́ ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n ní bí a bá fọwọ́ sí i, wọ́n á gbé Màmá lọ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Bí a kò bá fọwọ́ sí i, katapílà yóò wọlé bó ṣe rí. Ọ̀sẹ̀ kan péré ni wọ́n fún ẹ̀gbọ́n mi láti dáhùn.

"Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni lọ́yà ẹ sọ pé ìwé ẹ ti dé orí tábìlì tó kẹ́yìn," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Ká ní mo sọ fún ẹ, o máa wọ flight lọ́jọ́ kejì. Mo mọ̀ ẹ́. Ọdún mẹ́wàá á wá ṣòfò."

"Tèmi ni láti fi ṣòfò."

Wọ́n ń fi ìka yí okùn sálúbàtà tó já yẹn.

"Àǹtí, tèmi ni. Ọdún mi ni, ìyá mi ni. Bóyá mo máa lọ, bóyá mi ò ní lọ. Bóyá mo máa sunkún mọ́jú, kí n sì dúró. Ẹ ò jẹ́ kí n mọ èyí tí ǹ bá ṣe."

"Ẹ̀rù ló bà mí," ni wọ́n wí. "Ẹ̀rù bà mí láti sọ fún ẹ nígbà yẹn. Lẹ́yìn náà, ẹ̀rù wá ń bà mí pé mi ò sọ."

Òótọ́ ni wọ́n sọ, mo sì mọ̀ pé òótọ́ ni. Kò pa iná náà. Àwọn èèyàn máa ń rò pé bí o bá ti gbọ́ ìdí ọ̀rọ̀, ìbínú á gbé ẹrù rẹ̀, á lọ. Tèmi kò lọ. Ó kàn rí ibòmíràn jókòó sí. Mo bínú sí òjò. Mo bínú sí àbúrò bàbá wa àti ṣọ́ọ̀bù wọn. Mo bínú sí àwọn tó fi ìwé mi sínú dúrọ́ọ̀ fún ọdún mọ́kànlá, tí wọ́n sọ mí di ẹni tí wọ́n lè fi ọ̀rọ̀ sàréè ìyá rẹ̀ pamọ́ fún nítorí àánú. Lẹ́yìn náà ni mo tún padà bínú sí ẹ̀gbọ́n mi, nítorí pé àwọn ló wà nítòsí.

A gòkè padà lọ sí títì, a dúró de bọ́ọ̀sì ìlú. Ó pẹ́ kó tó dé, ó sì kún. Ọmọbìnrin kan dìde fún ẹ̀gbọ́n mi, mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, mo di irin mú, mo kọjú sí fèrèsé. Nígbà tó ku díẹ̀ ká dé èbúté, wọ́n fọwọ́ kan aṣọ mi.

"Mo ní fídíò ọjọ́ tí wọ́n gbé Màmá," ni wọ́n wí. "Tó o bá fẹ́ wò ó."

"Rárá. Mo ti wo ìyá mi lórí fóònù lẹ́ẹ̀kan."

A bá ọkọ̀ náà nígbà tí wọ́n ti fẹ́ ká àtẹ̀gùn rẹ̀ kúrò nílẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta tó kù, orí tábìlì kan náà la ti ń jẹun, a kì í sọ ju "iyọ̀" àti "omi" lọ. Ẹni tó ń gbé oúnjẹ wá fún wa rò pé a kò gbọ́ èdè ara wa, ó ń ṣe ògbufọ̀ fún wa ní gẹ̀ẹ́sì.

Ní December, mo lọ sílé. Èmi nìkan ni mo lọ. Ṣọ́ọ̀bù mẹ́fà ló wà níbi tí ilé wa wà, wọ́n kùn wọ́n ní àwọ̀ ewé. Ní ibi tí mo fojú wọ̀n pé yàrá Màmá máa wà, obìnrin kan ń ta ike àti garawa. Mo ra garawa kan lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí pé n kò mọ ohun mìíràn tí mo lè ṣe níbẹ̀. Àbúrò bàbá wa mú mi lọ sí itẹ́ àwọn Mùsùlùmí. Arúgbó ni wọ́n báyìí, ọ̀pá ni wọ́n fi ń rìn, mo sì ti múra láti bú wọn. A dé ìdí ògiri kan, wọ́n nawọ́ sí òkìtì iyẹ̀pẹ̀ kan. Wọ́n wò ó, wọ́n tún wo èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n ní bóyá èyí ni. Ọkùnrin tó ń ṣọ́ ibẹ̀ ní rárá, ìyẹn ni. Àwọn méjèèjì ń jiyàn, láìpariwo, bí ẹni tó ń wá ilé onílé ládùúgbò tó ti yí padà.

Mo pe ẹ̀gbọ́n mi lórí fídíò. Wọ́n wà níbi iṣẹ́, nínú aṣọ nọ́ọ̀sì. Mo yí fóònù káàkiri, mo fi òkìtì méjèèjì hàn wọ́n. Wọ́n ní kí n tún gbé e sún mọ́ ọn. Wọ́n wò ó títí. Mo rí i lójú wọn kí wọ́n tó lanu pé àwọn náà kò mọ̀. Wọn kò bẹ̀bẹ̀, wọn kò sì sọ pé Ọlọ́run mọ̀ ọ́n. Wọ́n bojú, wọ́n sì jókòó sílẹ̀ níbi tí wọ́n wà, mo ń gbọ́ tí ẹnì kan ń bi wọ́n léèrè pé kí ló dé. Èmi náà kò pa fóònù. Mo gbé e sílẹ̀, mo jókòó sáàárín òkìtì méjèèjì, mo sì sọ ọ̀rọ̀ tí mo ti ń kó jọ ní gbogbo ọdún wọ̀nyí. Bóyá ìyá ẹlòmíràn ló gbọ́ ìdajì rẹ̀.

Nígbà tí mo padà dé Peckham, àwọn èèyàn wa ní mọ́sálásí gbọ́. Gbogbo wọn ló bá mi sọ̀rọ̀. Wọ́n ní ìfẹ́ ló mú ẹ̀gbọ́n mi ṣe é. Bẹ́ẹ̀ ni, ìfẹ́ ni, n kò jiyàn. Ìyá kan ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, t'àgbàlagbà kò wọ kèrègbè, ká máa dárí ji ara wa. Mo dá ìyá náà lóhùn pé mo ti lé láàádọ́ta ọdún, ọwọ́ mi tó pẹpẹ. Wọ́n wò mí bí ẹni tí òkun ti bà jẹ́. Ohun tí n kò rí ẹni sọ fún títí dòní, àfi ìwọ, ni pé ẹni tó fẹ́ràn rẹ lè mú ohun tó jẹ́ tìrẹ, kó gbé e lọ, kó sì máa rò pé ẹrù ló ń bá ọ rù. O kò lè pè é lólè. O kò sì lè sọ pé kò gbé nǹkan.

Ọdún iléyá tó kọjá, ẹ̀gbọ́n mi wá sí ilé mi. A jọ gé ẹran, a jọ dín in, àwọn ọmọ wọn jẹun, wọ́n lọ jókòó sídìí tẹlifíṣọ̀n. Ó wá ku àwa méjèèjì ní kíṣíìnì. Wọ́n ń fọ abọ́, mo ń nù ún. Wọn kò gbójú sókè kúrò nínú omi.

"Ṣé o ṣì ń bínú?" ni wọ́n bi mí.

Mo ronú sí i. Mo lè purọ́, ọjọ́ ọdún ni. "Mo ṣì ń bínú," ni mo wí.

"Ó dáa," ni wọ́n wí.

Mo dúró de èyí tó kù, pé kí n gbàgbé rẹ̀, pé kí n wo ojú Màmá, pé ó ti pẹ́. Wọn kò sọ ọ́. Wọ́n ṣan àwo tó wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n nà án sí mi, mo gbà á, mo nù ún. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yẹn, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ìbínú mi yẹn ni ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n fi sílẹ̀ fún mi, kí n fúnra mi pinnu rẹ̀.